Ìwé Ìwọ̀n Ilẹ̀ Bàbá Mi

Kí àkùkọ tó kọ ní Ọ̀bà-Ilé ni ọkọ̀ Sẹ̀sán ti ń dé,
ọkọ̀ gbọọrọ tí ikùn rẹ̀ kún fún ohun tí Àkúrẹ́ kò fẹ́ rí mọ́.
A ó pa fèrèsé dé. Bàbá mi á fi aṣọ dí imú,
á na ọ̀pá sí ibi tí ilẹ̀ ti ṣá:
"Dà á síbẹ̀."

Ọdún kìíní, tẹ̀tẹ̀ wa fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ alágbẹ̀dẹ.
Ṣọkọ rú, ó dúdú, ó ń dán.
Àwọn oníbàárà ń wá láti Ìjàpọ̀ àti Òkè-Àró,
wọ́n ń bi í léèrè oògùn tó lò.
Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Oògùn wo?
Ẹ̀yin náà lẹ ṣu ú.
Mo kàn ń dá a padà fún yín ni."

Láyé bàbá bàbá mi, agbépòó a máa gbé garawa kọjá lóru,
fìtílà lọ́wọ́ kan, kì í kí ẹnikẹ́ni.
Ohun tó wà nínú garawa náà, iṣu ni tẹ́lẹ̀,
ẹ̀wà ni, ewùrà ni,
ilẹ̀ mọ orúkọ wọn.
Ilẹ̀ ò mọ orúkọ omi bátìrì.
Kò mọ tàdáwà tí wọ́n dà nù lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé,
kò mọ hóró oògùn tí aláìsàn kò gbé mì,
tó jù sí ṣáláńgá kí dókítà má baà mọ̀.
Gbogbo rẹ̀ wọ kòtò kan náà.
Ikùn ọkọ̀ kì í yan oúnjẹ.

Mo bu erùpẹ̀ sínú ọ̀rá omi tútù mẹ́ta,
mo gbé e lọ fún Mofẹ́wà ní ilé àyẹ̀wò,
ẹni tí a jọ jókòó ní kíláàsì kẹta.
Ọjọ́ kọkànlá, ó pè mí. Kò kí mi tán.
"Òjé ti pọ̀ jù níbi ebè ẹ̀fọ́.
Sínkì wà, bàbà wà, ìyẹn kò tíì kọjá ààlà.
Òjé ni kí ẹ bẹ̀rù. Kì í jẹrà.
Èyí tí ẹ bá dà lónìí, ọmọ ọmọ yín yóò bá a níbẹ̀."

Bàbá mi gbọ́, ó dákẹ́ títí omi fi hó lórí iná.
"Ṣé kí n dá a dúró ni?"
Mo ní rárá. Iyọ̀ kọ́ ló ba ọbẹ̀ jẹ́, ọwọ́ tó bù ú ni.
Ẹ jẹ́ ká máa wọ̀n ọ́n.
Ẹ jẹ́ ká máa bi Sẹ̀sán léèrè ilé tó ti gbé e wá.

A ra ìwé olójú ewé ọgọ́ta.
Bàbá mi tí kò kàwé kọjá pírámárì mẹ́rin
fa ìlà wíwọ́ sí ojú ewé kìíní:
Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọkọ̀ méjì lọ́dún.
Ebè àgbàdo, ọkọ̀ kan, kí òjò mẹ́ta rọ̀ lé e ká tó gbìn.
Ebè ẹ̀fọ́, òdo.
Ó kọ òdo náà tóbi, ó tún fa ìlà yí i po
bí ẹni sọ ewúrẹ́ mọ́lẹ̀.
Lábẹ́ rẹ̀: Ọgbà mẹkáníìkì, rárá. Ọsibítù, rárá.
Ilé-ìwé ọmọ kéékèèké, bẹ́ẹ̀ ni.

Sẹ̀sán ka ìwé náà níwájú iná ọkọ̀, ó pòṣé.
"Bàbá, ìgbẹ́ lẹ wá ń yàn bí ẹni yan ìyàwó?"
"Òun náà ni mo máa bá gbé títí," ni bàbá mi wí.
Ọgbà mẹkáníìkì ló ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà.
Ó yí orí ọkọ̀ padà, ó lọ.

Inú mi dùn, n ò ní purọ́.
Òru ọjọ́ kejì ni mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì kan
nísàlẹ̀, níbi tí odò Àlà ti ṣẹ́ kọ́rọ́,
kò pẹ́ rárá, bí ẹni tó ń yára tọ̀,
lẹ́yìn náà àwọn àkèré dákẹ́.

Ní àárọ̀, bàbá mi ṣí ìwé rẹ̀,
ó ń wá ibi tí yóò kọ odò sí.
Kò rí ìlà kankan.